Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Ìlú Panamá: Ibi Tí Èmi àti Màmá Sùn

Ọjọ́rú, alẹ́ tí a dé

Aago méje ku díẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú wa balẹ̀ sí Tocumen. Láti Houston, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin péré ni. Màmá ò tíì parí oorun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lókè tí a fi dé ilẹ̀. Oṣù Kìíní la wà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí wọ́n ń pè ní verano, tó máa ń lọ títí di oṣù Kẹrin kí òjò tó dé. Nítorí orúnkún Màmá ni mo ṣe mú àsìkò yìí. N kò fẹ́ kí wọ́n máa rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Màmá fi ta aṣọ ní Balógun ní Èkó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá béèrè owó ìwé, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹrù mi ṣì wà lórí omi." Lọ́dún tó kọjá wọ́n wo nǹkan kan lórí fóònù ní Ìbàdàn, wọ́n sì pè mí lójú ẹsẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, mo rí ibì kan tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gun òkè. Ṣé ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ?" Odò Panamá (Panama Canal) ni wọ́n rí, odò tí ènìyàn gbẹ́ kí ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá láàárín òkun Pàsífíìkì àti Àtìláńtíìkì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé Panamá.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Màmá ń lò. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lò wọ Houston, la fi wọlé, wọ́n sì béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ má fi káàdì yẹn sílé o.

Dọ́là 30 ni tákísì gbà lọ́wọ́ wa. Dọ́là Amẹ́ríkà ni owó bébà tí wọ́n ń ná níbí. Balboa tiwọn, owó ẹyọ nìkan ni, balboa kan sì ni dọ́là kan.

Casco Viejo, àdúgbò àtijọ́ tó wà létí òkun, ni mo gba yàrá sí. Àwòrán ló mú ojú mi: bálíkónì onírin dúdú, òdòdó tó ń wọ́ lórí ògiri, ilé funfun àti ilé aláwọ̀ osùn. Dọ́là 165 lálẹ́ kan. Mo san owó alẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Yàtọ̀ sí iye owó, n kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣì í.

Tákísì kò lè dé ẹnu ọ̀nà, nítorí òpópónà náà tín-ín-rín, àwọn ènìyàn sì kún inú rẹ̀. A fa báàgì wa lórí bíríkì títí dé òtẹ́ẹ̀lì. Àjà kẹta ni yàrá wa, kò sì sí lífítì. Màmá wo àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jókòó kí a tó dé òkè. Mo gbé báàgì méjèèjì, ojú sì ń tì mí.

Ilé ọtí kan wà lórí òrùlé ilé tó kọjú sí tiwa. Ìlù rẹ̀ kò dákẹ́ títí aago mẹ́ta òru fi lù.

Ọjọ́bọ̀

Kí n sọ òtítọ́: ní aago méje àárọ̀, n kò rí àdúgbò tó rẹwà tó Casco ní gbogbo ìlú náà. Oòrùn kò tíì mú, àwọn agbálẹ̀ nìkan ló wà níta, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wọlé láti ìhà mẹ́ta, nítorí orí ilẹ̀ tó yọ sínú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1519 ni Pedrarias Dávila, gómìnà ará Sípéènì, tẹ Ìlú Panamá dó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí yìí. Ibi àkọ́kọ́ wà ní ìhà ìlà oòrùn, àwókù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní. Lọ́dún 1671 Henry Morgan àti àwọn jàǹdùkú ojú omi rẹ̀ kógun wá, ìlú náà jóná. Ọdún 1673 ni wọ́n tún un dó síbi tí a sùn yìí, wọ́n sì mọ odi yí i ká. Inú odi ni àwọn ọlọ́lá ń gbé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira, àwọn tálákà, ẹ̀yìn odi ní Santa Ana ni tiwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ odi yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

A wọ ṣọ́ọ̀ṣì San José lọ wo pẹpẹ tí wọ́n fi wúrà bò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màmá, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà títí ó fi sú èmi.

Lẹ́yìn náà a gba ojú ọ̀nà orí odi àtijọ́ lọ, lábẹ́ ibòòji òdòdó, níbi tí àwọn obìnrin Guna, ọmọ ìbílẹ̀ Panamá, ti ń ta mola. Aṣọ tí wọ́n tò lé ara wọn ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mola, tí wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì gé ti òkè kí àwọ̀ ti ìsàlẹ̀ lè yọ, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá mú ọ̀kan, wọn ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ojú rẹ̀ ni ẹyẹ náà wà o." Wọ́n ní, "Mo rí ẹyẹ. Ẹ̀yìn aṣọ ni mo fẹ́ rí." Wọ́n fi èékánná tọ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń tà á rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ti èyí tó wà níwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa mìíràn yọ lábẹ́ àpótí. Dọ́là 40 ló pè é. Ìka ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ná an títí ó fi di 30. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, wọn ò sì nílò mi rárá.

Ní ọ̀sán a ń rìn lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn láìmọ ibi tí à ń lọ. Ọlọ́pàá kan tó gun kẹ̀kẹ́ dá wa dúró, ó fi ọwọ́ hàn wá pé kí a yí padà. El Chorrillo ló wà níwájú. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ilé dọ́là 165 tiwa, àdúgbò tí wọ́n ní kí àlejò má wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyẹn nínú àwòrán tí mo rí.

Ìpara orúnkún Màmá tán. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí a fi rìn kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù oògùn, nítorí ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti ilé àwòrán ló gba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé ní Casco. Kọfí méjì àti búrẹ́dì gba dọ́là 24. Omi ẹ̀rọ nìkan ni kò gba nǹkan kan. Omi ẹ̀rọ ìlú yìí ṣe é mu, ẹ má fi owó yín ra omi inú ike.

Aago mẹ́ta òru kọjá kí ìlù tó dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Màmá ti jókòó sórí ibùsùn nígbà tí mo lajú. Wọ́n ní, "Ibi ìran ni ibí yìí, Àbẹ̀kẹ́. Ibi oorun kọ́." Mo mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì. Wọn kò gbà láti dá owó alẹ́ kẹta padà. Mo fi sílẹ̀ fún wọn, a gbé báàgì wa sí ọ̀dọ̀ wọn títí di alẹ́, a sì bọ́ sígboro láti lọ wá ibòmíràn.

Ibùdó 5 de Mayo la ti wọ Metro. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Dọ́là méjì ni káàdì, sẹ́ǹtì 35 ni ẹnì kan ń san lójú ọ̀nà kìíní, káàdì kan sì tó fún ènìyàn méjì. Àwọn ọmọkùnrin dìde fún Màmá kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa wò. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti pinnu: ibi tí a ó bá sùn, kó má jìnnà sí Metro.

Calidonia la kọ́kọ́ lọ, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì dọ́là 35 sí 45 pọ̀ sí. Lójú ọ̀sán, ọjà ni, bàtà, aṣọ, ìkòkò, ariwo, inú Màmá sì dùn dé ibi pé mo rò pé wọ́n máa ní ká dúró. Obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì ìgbàlejò ló sọ òótọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè: tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá ti fa ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, òpópónà máa ń dá páropáro, kí àlejò jẹ́ kí tákísì gbé òun dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó bá dá rìn, tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ń wá, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, lè sùn níbẹ̀. Ìyá ẹni ọdún 68 kọ́.

Avenida Balboa kọjú sí òkun, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ga dé ọ̀run, wọ́n mọ́, wọ́n ní omi ìlúwẹ̀ẹ́. Dọ́là 120 ni wọ́n pè fún wa. Ohun tó lé mi níbẹ̀ ni pé tí o bá jáde, mọ́tò ni o máa bá níta. Ojú títì náà gbòòrò, afárá ẹlẹ́sẹ̀ lo máa gùn kọjá kó o tó dé etí omi, n kò sì rí obìnrin tó ń ta ọsàn nítòsí. Ẹni tó wá fún ìsinmi àti omi ìlúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ dára fún un. Obarrio àti Marbella, àdúgbò báńkì ni. Ẹni tó wá ṣòwò máa gbádùn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dákẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. San Francisco wù mí nítorí ọgbà ńlá Parque Omar àti àwọn ilé oúnjẹ rẹ̀, àmọ́ Metro kò dé ibẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé aláyàrá méjì kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń yá lójoojúmọ́, owó rẹ̀ kéré. Mo kọ̀ ọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012 ka yíyá ilé gbígbé fún àlejò fún ohun tí kò tó ọjọ́ 45 léèwọ̀ ní àgbègbè olú-ìlú yìí, àfi ti ẹni tó bá gba àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ń yá a síbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá ìyá mi dúró lóru pé kí ni wọ́n wá ṣe.

Nǹkan bí aago mẹ́ta la jáde ní ibùdó Vía Argentina, ní El Cangrejo. Igi wà létí ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà jókòó ní ọgbà Andrés Bello. Búrẹ́dì gbígbóná ń ta sánsán láti ilé kan, súpámákẹ́ẹ̀tì wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù oògùn méjì wà lósì. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé ìtajà tàbí lífítì máa ń kọ́kọ́ kí àwọn tó bá níbẹ̀, "Buenas!" Màmá bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní wọ́n ń kí ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé." Láti ìgbà náà ni àwọn náà ti ń kí gbogbo ẹni tó kọjá.

Ohun mìíràn tó mú ara mi balẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà. Òpópónà kan lè ní orúkọ méjì, kò sì sí ẹni tó ń lo nọ́ńbà ilé. "Lẹ́yìn Orí Einstein," "níwájú ilé búrẹ́dì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń júwe ilé ní Mọ́kọ́lá. Ère orí Einstein tó tóbi náà, Carlos Arboleda ló gbẹ́ ẹ lọ́dún 1968, kò sì sí onítákísì tí kò mọ̀ ọ́n.

Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta la wọ̀. Ní àkọ́kọ́, fèrèsé yàrá kọjú sí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá mẹ́ta tó ń kùn bí oyin. Ìkejì wà ní ìhà Vía Veneto, nítòsí àwọn ilé tẹ́tẹ́, n kò sì fẹ́ràn ojú tí àwọn ọkùnrin tó dúró níta fi ń wo ènìyàn. Ìkẹta kéré, àjà mẹ́rin, lífítì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú láti wò. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sí bálíkónì nígbà tí mo wẹ̀yìn tí n kò rí Màmá. Wọ́n ti yí lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo ti bá wọn, níbi tí wọ́n ti ń kó ìdọ̀tí jáde. Wọ́n wo ike ìdọ̀tí, ó ní ìdérí. Wọ́n wo àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ibùsùn, wọ́n kí wọn, àwọn yẹn sì dáhùn tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí fèrèsé kan tó kọjú sí igi máńgòrò. "Tibí yìí ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. Yàrá ẹ̀yìn ni, àjà kejì, ó sì fi dọ́là mẹ́wàá dín sí ti iwájú: dọ́là 78. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ iye tí a máa san gan-an sílẹ̀, torí owó orí òtẹ́ẹ̀lì ní Panamá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í sì í fi í kún iye tí wọ́n ń polówó nígbà gbogbo. Ó kọ 85.80. A ṣí omi gbígbóná, ó gbóná. A fọ ilé ìgbẹ́, omi rẹ̀ lọ. Màmá fi ọwọ́ tẹ ibùsùn, wọ́n tẹ́ ìrọ̀rí sí imú.

N kò san owó síbẹ̀. A rékọjá sí òdìkejì, a ra ọsàn, a jókòó títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n lè rí bí òpópónà náà ṣe máa ń rí lálẹ́. Mo rí obìnrin kan tó ń dá rìn kiri pẹ̀lú ajá rẹ̀, kò yára. Mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tó gbé ìwé dání tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Mo rí ìyá arúgbó kan tó wá ra wàrà. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ló yan òtẹ́ẹ̀lì náà fún mi. A padà lọ kó báàgì wa ní Casco. Ìlù orí òrùlé ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ń lọ.

Àbámẹ́ta

Màmá sùn di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. N kò ṣe nǹkan kan lónìí, inú mi sì dùn sí i.

Ní ọ̀sán a jẹ sancocho, ọbẹ̀ adìẹ tó kún fún ewé culantro, nínú ilé oúnjẹ kan tí àwọn ọ̀ṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Màmá fi ṣíbí gbé nǹkan funfun kan sókè: iṣu. Ñame ni wọ́n ń pè é. Ìrẹsì tí wọ́n fi àgbọn sè wá lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà róbótó kan tí wọ́n ń pè ní guandú. Màmá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Òtìlí!" ni wọ́n pariwo, tí gbogbo ilé oúnjẹ náà fi wò wá. "Òtìlí ni èyí. Ìyá mi gbìn ín." Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Wọ́n gba àwo kejì.

Ọjọ́ Àìkú

A lọ sí Cinta Costera, ọgbà tó gùn lọ létí òkun. Ìhà Pàsífíìkì yìí, omi òkun lè fi mítà márùn-ún lọ sílẹ̀ kó sì tún kún padà láàárín wákàtí díẹ̀, ìhà Àtìláńtíìkì orílẹ̀-èdè kan náà sì wà tí kì í tó mítà kan. Nígbà tí a dé, omi ti sá: ẹrẹ̀ dúdú ló tẹ́ lọ rẹrẹ, ó sì ń rùn díẹ̀. Mo wo àwọn òtẹ́ẹ̀lì gíga ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń pe owó nítorí ojú òkun. Ìgbà tí omi kún ni wọ́n ya gbogbo àwòrán wọn. A jẹ ceviche, ẹja tútù tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, nínú ife ní ọjà ẹja, ata rẹ̀ ò tó fún Màmá, a sì padà sílé.

Ọjọ́ Ajé

Lónìí la lọ wo ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá. Metro láti Vía Argentina dé Albrook, tákísì láti ibẹ̀ dé Miraflores, ọ̀kan lára ibi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè lórí Odò Panamá. A ti wà níbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, nítorí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ń kọjá jù níbi yìí. Ẹni tó bá gba ọ̀sán gangan wá lè bá omi lásán.

Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ láti Pàsífíìkì, kọ̀ǹténà kún orí rẹ̀ bí ilé alájà. Ó wọ inú yàrá omi tí ó fẹ̀ ní mítà 33 àti ààbọ̀, àyè tó ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju ti ìka lọ lójú mi. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mula dì í mú ní ọ̀tún àti lósì kó má fara gbá. Ilẹ̀kùn irin tì lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, láti orí adágún Gatún ló ti ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ni ti ibí, ìkẹta wà níwájú, tí ọkọ̀ bá sì gun gbogbo rẹ̀ tán, ó ti fi mítà 26 ga ju òkun lọ kó tó sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì.

Màmá di irin mú. Wọ́n ń ka kọ̀ǹténà, ẹnu wọn ń lọ. Wọ́n kà á dé ibì kan, wọ́n dúró. "Ẹrù ẹnì kan ló wà nínú gbogbo èyí," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan wà níbì kan báyìí tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó ní sùúrù." N kò lè sọ̀rọ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú títí ọkọ̀ náà fi kọjá.

Ìṣẹ́gun

A tún sọ̀ ní 5 de Mayo, a rìn díẹ̀ dé Museo Afroantillano. Ilé ìjọsìn onípákó kékeré ni tẹ́lẹ̀, ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti Barbados, Jamaica àti àwọn erékùṣù mìíràn kó wá láti gbẹ́ odò yẹn. Lọ́dún 1980 ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ sọ pé ó lé ní 5,600 ènìyàn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà láàárín 1904 sí 1914, àwọn aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Owó wúrà ni wọ́n ń san fún òyìnbó, fàdákà fún dúdú. Kò mọ sórí owó. Wọ́n ya ilé ìtajà wọn sọ́tọ̀, wọ́n ya ẹ̀rọ omi wọn sọ́tọ̀, wọ́n ya ibùgbé wọn sọ́tọ̀.

Ìyá kan tó ń mú àwọn àlejò yí ká níbẹ̀, ọmọ ọmọ ará Barbados, ń bá Màmá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún wa ibi tí àwọn tó gbẹ́ odò náà ń sùn: Calidonia, Marañón, El Chorrillo, nínú yàrá onípákó kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ọmọ. El Chorrillo ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 1989, nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá mú Noriega, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Panamá nígbà náà, tí olú-ilé-iṣẹ́ ológun rẹ̀ sì wà láàárín àdúgbò náà, iná jó ilé wọn pẹ̀lú gbogbo òpópónà náà.

Mo ronú padà sí ọlọ́pàá orí kẹ̀kẹ́. Ohun tó sọ fún wa tọ̀nà, mo sì dúpẹ́: ẹni tí kò mọ ọ̀nà, kó má fi fóònù dání rìn síbẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé nínú gbogbo ohun tí mo kà kí a tó wá, "má dé ibẹ̀" nìkan ni wọ́n kọ nípa àdúgbò àwọn tó fi ẹ̀mí wọn la ọ̀nà fún ọkọ̀ tí Màmá wá wò. Púpọ̀ nínú odi tí wọ́n mọ yí Casco ká lẹ́yìn 1673 ti wó, ibi tó pín ìlú sí méjì kò sì tíì kúrò. Mo bi ìyá náà pé kí ni kí àlejò ṣe. Ó ní kí a sùn síbi tí ara wa bá ti balẹ̀, ṣùgbọ́n kí a wá lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹni tó mọ àdúgbò náà, kí a jẹun, kí a ra nǹkan, kí a kí ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ mú wa lọ jẹ ẹja díndín ní Calidonia. Màmá ra ìkòkò kékeré kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní ìkòkò nílé.

Ọjọ́rú, a ń padà

Metro la gbà dé pápákọ̀ òfurufú: Vía Argentina sí San Miguelito, ojú ọ̀nà kejì dé Corredor Sur, kí a tó wọ ẹ̀ka tuntun tó dé Tocumen lọ́dún 2023. Kò pé dọ́là mẹ́ta fún àwa méjèèjì. Ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì wa ló gbé báàgì Màmá dé ibùdó, ó kọ̀ láti gba owó, Màmá sì fi èdè Yorùbá súre fún un títí ó fi bọ́ fìlà.

Nínú ọkọ̀ wọ́n yọ mola tí wọ́n rà, wọ́n tú u. Káàdì òtẹ́ẹ̀lì náà wà láàárín rẹ̀. Wọ́n nà án sí mi.

"Tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ó lóun náà ń bọ̀. Sọ fún un pé yàrá ẹ̀yìn ni kó béèrè o. Èyí tó kọjú sí igi máńgòrò."